Ẹyin Kan, Ẹnu Mẹ́rin

Ìyá mi àtàtà,

Kí Ọlọ́hun fi Alùjánńà kẹ́ yín. Èmi ni, ọmọ yín tó fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin. Ní gbogbo Ọ̀fà Garage lónìí, ta ló ń ta ẹyin tó mi? Kò sí! Àwọn tó ní dìgírì ló ń bá mi kó kírétì, wọ́n ń pè mí ní Àlàájì, mi ò sì tíì dé Mẹ́kà. Ilé tí mo kọ́, tẹ́ ẹ bá wo táìsì ilẹ̀ ẹ̀, ẹ máa rí eyín ara yín níbẹ̀. Àga mẹ́jọ ló yí tábìlì oúnjẹ ká. Ìyàwó mi wà ní Kánò nídìí ọjà aṣọ, àwọn ọmọ tó dàgbà ti tú ká. Ó ku èmi àti Àmínátù, àbíkẹ́yìn mi.

Lọ́jọ́bọ̀, ilé ìwé Àmínátù pè mí. Àwọn kan wá yẹ àwọn ọmọ wò, bóyá wọ́n mọ bí èèyàn ṣe ń ronú sọ́rọ̀ oúnjẹ inú ilé. Èmi ni mo fi ẹyin táwọn ọmọ máa jẹ ta wọ́n lọ́rẹ, ni wọ́n bá gbé àga fún mi níwájú. Ìbéèrè wọn ò sí nínú ìwé kankan. Ẹyin kan ló kù nílé. Bàbá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ìyá àgbà ò léyín lẹ́nu, àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ìwọ náà ń dàgbà. Báwo lo ṣe máa pín in, kí sì nìdí? Ìdí yẹn gan-an ni wọ́n ń máàkì. Èmi ti rí tèmi lójú ẹsẹ̀: kí wọ́n wá ra òmíì lọ́wọ́ mi!

Ọmọkùnrin kan ní bàbá ló yẹ kó jẹ ẹ́, torí òun ló ń wá owó. Mo pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́: “Bàbá ẹ ló rán ẹ wá ni? Ṣé bàbá ṣì ń ga sí i ni?”

Ó wá kan Àmínátù.

“Màá gún un mọ́ ẹ̀wà rírọ̀, màá bù ú sínú àwo kan fún ìyá àgbà àti àbúrò. Ìyá àgbà kì í jẹun tí ò bá sẹ́ni tó jókòó tì í. Tó bá rí i tọ́mọ ń jẹ, òun náà á jẹ. Èmi á jẹ ẹ̀wà, ẹ̀wà náà ń ṣara lóore.”

“Bàbá ńkọ́?” Tíṣà ló bi í.

“Bàbá? Ẹ fi bàbá sílẹ̀, sà. Inú kúlà loúnjẹ bàbá máa ń sùn.”

Ẹ̀rín pa wọ́n. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù. Òun náà ló gba máàkì jù, mo sì ń sọ fún gbogbo wọn pé ọpọlọ mi ló gbé. Àmọ́ nígbà tí mo wọ mọ́tò, mo kàn jókòó síbẹ̀ ni, mi ò ṣíná.

Ìyá, ṣé ẹ rántí pé ẹ ò jẹ́ ká fọwọ́ kan ẹyin ní kékeré? Ẹ ní ẹyin máa ń kọ́ ọmọ lólè. Ni mo bá fìbínú di ọlọ́jà ẹyin! Nígbà tówó dé, mo ń kó kírétì ránṣẹ́ sí yín ní Gàmbàrí, kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ títí kó fi sú yín. Àmínátù tó máa ń wá lo họlidé lọ́dọ̀ yín ló rí i pé tẹ́ ẹ bá sè é tán, ẹ máa ń pe àwọn ọmọ kéwú wọlé kí wọ́n wá jẹ. Ẹ̀yin kẹ̀! Ṣé torí kẹ́ ẹ lè rẹ́ni bá jẹun ni? Ṣé ẹyin tiẹ̀ wù yín rí?

Lọ́jọ́bọ̀ náà, mo tètè délé, kí wọ́n tó pèrun màgíríbì. Mo se ẹyin méjì fúnra mi, mo bu iyọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo bẹ́ ẹ ṣe máa ń bù ú. Mo pe Àmínátù. Ó yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

“Dádì, mo ti jẹun o.”

“Ṣáà jókòó.”

Ó jókòó síkangun tábìlì, ó ń tẹ fóònù. Kò jẹ ọ̀kankan. Mo jẹ méjèèjì tán.

Lọ́dún tó ń bọ̀, òun náà á lọ yunifásítì.

Ìyá, níbi tẹ́ ẹ wà yẹn, ta ló ń jókòó tì yín?

Èmi ni,
ọmọ yín tẹ́ ẹ fi ẹyin dù, tí àárò yín ń sọ.