Oúnjẹ Ẹ̀yìn Kọ́tìnnì

Màámi, ẹ̀yin tí mo ń pè tí ẹ kì í jẹ́ mi mọ́,

Ọdún méjì ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ nínú ọkàn mi. Lónìí, mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣé ẹ rántí ológbò tó máa ń gbé ẹran nínú ìkòkò wa ní Ngomari nígbà tí mo wà ní kékeré? Gbogbo ilé ló ń lé e kiri. Ẹ sọ òótọ́ fún mi: ṣé ológbò ni?

Mo bèèrè nítorí pé nílé tèmi báyìí, bí ọkọ mi bá ṣí ìkòkò, tó wo inú rẹ̀, tó tún wò mí, àwọn ọmọ mi ni mo máa ń purọ́ mọ́. Mo ti sanra débi pé mo ń fẹ̀gbẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ nápẹ́pù. Bí mo bá ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé, màá yà ra másà, àkàrà ìrẹsì tí ẹ fẹ́ràn yẹn, mẹ́wàá, màá sì jẹ gbogbo rẹ̀ tán nínú kẹ̀kẹ́ kí n tó délé. Ebi kọ́. Mo máa ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà màá wọlé, màá jókòó ti oúnjẹ bí ẹni tí kò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀. Bí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi bá ń rẹ́rìn-ín, mo gbà pé èmi ni wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Bí wọ́n bá dákẹ́, mo tún fura.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fura sí jù lọ ni Hajja Falmata, aládùúgbò yín tó ń dín másà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ mọ ìdí. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ bí ẹ ṣe pariwo lé e lórí láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ fi kú. Àtọ̀gbẹ ni dókítà pè é. Àǹtí Sìkírá, àbúrò Bàbá, kò gbà. “Obìnrin yẹn ló fi nǹkan sínú oúnjẹ rẹ̀!” Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. N kò kí Hajja mọ́. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń dín kù, inú mi sì ń dùn.

Lóṣù tó kọjá, ní ọjọ́ Sátidé kan, mo lọ kí Bàbá. Mo ti jẹ tèmi tán lọ́nà. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, Hajja ń wò mí bí mo ṣe ń fi etí híjáàbù nu ẹnu.

“Bí ìyá rẹ ṣe máa ń nu ẹnu nìyẹn,” ó wí, pẹ̀lú Yorùbá tí ẹ kọ́ ọ.

Mo kọjú sí i. “Hajja, kí lẹ fi sínú oúnjẹ ìyá mi?”

Kò bínú. Ó fa kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó na ọwọ́ sí àpótí ìjókòó kan. “Ibí yìí ló máa ń jókòó sí. Á ti jẹun nílé, á tún wá jẹ níbí, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Á ní kí n ta kọ́tìnnì kí ẹnikẹ́ni má rí òun. Bó bá jẹ tán, á sunkún. Wallahi, ó ní bí òun bá ti ń jẹun, òun kì í gbọ́ ohùn Lúkúmáànù.”

Bọ̀dá Lúkúmáànù, ọmọ yín tó gba ọ̀nà Dalori lọ tí kò padà wá. Ẹ kò jẹ́ kí a dárúkọ rẹ̀ nílé. Kí ló dé tó jẹ́ Hajja lẹ ń dárúkọ rẹ̀ fún?

“Mo rí egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò jinná,” Hajja wí. “Mo ní n kò ní tà fún un mọ́. Ìjà wa nìyẹn. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, n kò sì sọ.”

N kò gbà á gbọ́. Mo ní ó ti ní ọdún méjì láti fi hun irọ́ náà. Mo wọlé lọ bi Bàbá.

“Àwo tó máa ń fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,” wọ́n wí, “èmi ni mo máa ń fọ̀ ọ́.”

Ṣé ẹ mọ̀ pé Bàbá mọ̀? Àbí ẹ rò pé àwo ń fọ ara rẹ̀ ni? Mo bínú sí wọn gan-an, nítorí wọ́n dákẹ́ tí a fi ń pe aláìṣẹ̀ ní apààyàn. Ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ tí mo fi ń bínú?

Mo lọ sí ọsibítù. Dókítà obìnrin kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, bi mí ní ohun tí mo ń jẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún wọn pé egungun ìdílé wa ló tóbi. Lọ́tẹ̀ yìí mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti inú kẹ̀kẹ́. Mo ń ṣọ́ ojú rẹ̀ bóyá á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. “Àìsàn ni, kì í ṣe ọ̀kánjúà,” ó wí. “A máa tọ́jú ara, a ó sì tọ́jú ọkàn náà.” Báyìí, mo ń lọ bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ṣì ń fura sí ìwé tó ń kọ ọ̀rọ̀ mi sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún jẹ mẹ́wàá nínú kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n mo délé, mo sọ fún ọkọ mi.

Lánàá, mo wà níwájú ilé pẹ̀lú Bàbá nígbà tí Àǹtí Sìkírá wá kí wọn. Bí wọ́n ṣe rí Hajja níta, wọ́n tutọ́ sílẹ̀. “Ẹni tó pa ìyàwó wa rèé!” Àwọn tó ń ra másà dúró, wọ́n ń wò. Mo wo Bàbá. Bàbá wo ilẹ̀.

Màámi, èmi ni mo sọ ọ́. Lójú gbogbo wọn ni mo ti sọ ti kọ́tìnnì, ti ẹkún, ti egbò, mo sì sọ tèmi mọ́ ọn.

“O ba orúkọ ìyá rẹ jẹ́!” Àǹtí pariwo, wọ́n sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ láìwọlé.

Ìgbà náà ni Bàbá rìn lọ bá Hajja. “Gáfárà, Hajja. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́.” Hajja fi ìborí bojú.

Mo ti tú àṣírí yín. Ṣé ẹ bínú? Bí ẹ bá máa bínú, èmi ni kí ẹ bínú sí. Ìyà tí Hajja ti jẹ nítorí yín ti tó.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín, tí kò lè fi yín pamọ́ mọ́.