Ògiri Tí Mo Kọ́ Sínú Géèmù Rẹ

Ìsàlẹ̀-Odán,
lẹ́bàá Ìlaró.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, 1995.

Ìdírísù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Fọlákẹ́ ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Alábà, nítorí òun náà ti di ara ìdílé báyìí, òun lo ń rí lójoojúmọ́ ju àwa lọ. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ oníbàárà dá níwájú rẹ̀. Àwọn ọmọ á dàgbà lójú rẹ, ìwọ náà á dàgbà lójú tèmi, àmọ́ kí ikùn rẹ má dàgbà ju bó ṣe wà nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ lọ, torí ìyá rẹ ṣì ń bi mí pé ṣé ọmọ òun ló sanra tó báyìí ni, àbí ẹni tó ya fọ́tò ló sún mọ́ ọ jù. Àmín.

Ara wa le, bí a bá yọ ti ẹ̀yìn mi kúrò, ìyẹn náà kì í sì í dùn mí tí mo bá ti jókòó. Òjò ṣì ń rọ̀. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, akọ kan, abo kan. Ọ̀gá Májẹ́kódùnmí, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé wọn kọjú sí tiwa, ní kí n kí ọ, wọ́n sì ní kí n sọ fún ọ pé àwọn kọ́ ló bá mi kọ lẹ́tà yìí, àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lókè nìkan ni àwọn tún ṣe. Bí o bá rí àṣìṣe, tèmi ni. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà ni mo ti kọ́ ìwé, ọwọ́ tí mo sì fi ń di bírò mú yìí, sìmẹ́ǹtì ló kọ́kọ́ mọ̀.

Fàtáì, ọmọ ilé kejì wa tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ, gbé ẹrù rẹ dé láyọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ó tún ti padà wá wo ìyá rẹ̀ báyìí, òun ni màá fi lẹ́tà yìí rán. Mo rí ẹ̀rọ géèmù náà gbà, èyí tó rí bíi páálí ṣúgà, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó ń wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni mo ka lẹ́tà rẹ. O ní kí n máa fi ṣeré kí ọwọ́ mi lè sinmi, o sì ní kí n kọ̀wé sọ èyí tó dára jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ọ, torí àwọn oníbàárà ń bi ọ́, ìwọ kò sì ráyè gbá ọ̀kankan wò.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo mọ ọmọ tí mo bí. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mo já bọ́ láti orí àkàbà níbi tí a ti ń tún ilé-ẹ̀kọ́ abúlé kọ́, ìwọ lo wá, o gba ṣíbí bíríkìlà mi lọ́wọ́ mi, o tì í mọ́ inú àpótí onígi tó wà lábẹ́ ibùsùn, o sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ sí ilé rẹ ní Okokomaiko. Láti ọjọ́ náà o kò dárúkọ iṣẹ́ mi mọ́. Ó wá di òjijì, o fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ tí búlọ́ọ̀kù ń já bọ́ nínú rẹ̀, o ní kí n máa tò ó. Ìdánwò ni. O fẹ́ mọ̀ bóyá ojú mi ṣì ń ríran àti bóyá ọwọ́ mi ṣì dúró. Fàtáì ní eré lásán ni, pé àwọn ọmọ òyìnbó ni wọ́n ṣe é fún. Mo ní ó ṣeun. Mo mọ ìdí tí o fi ń dán mi wò, màá sì sọ ọ́ níwájú.

Àmọ́ kí n kọ́kọ́ jíṣẹ́ tí o rán mi. Lábẹ́ igi máńgòrò la ti ń gbá a, ní ọ̀sán, torí pé ẹ̀rọ náà kò ní iná nínú, èèyàn ní láti gbé e kọjú sí oòrùn bí ìgbà tí a ń wo owó bóyá ayédèrú ni.

Kásẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Àwọn agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀ kò tóbi ju ẹ̀wà lọ, aṣọ kan náà ni gbogbo wọn sì wọ̀ lójú mi, nítorí kò sí àwọ̀ míì níbẹ̀ ju àwọ̀ ewé tó ń gbẹ lọ. Ọ̀gá Májẹ́kódùnmí gbá a fún bí ìdajì wákàtí, inú wọn ń dùn, wọ́n ń ka góòlù, kí wọ́n tó rí i pé ilé ara àwọn ni àwọn ń gbá a sí. Wọ́n ní rẹfirí ló fà á. Wọn kò fọwọ́ kàn án mọ́.

Ti mọ́tò ló tẹ̀ lé e. Mọ́tò náà dára, eré rẹ̀ pọ̀, àmọ́ kò gbé èrò, kò já ẹrù, kò sì dé ibì kankan. Mo wà á láti ìgbà tí a kírun ọ̀sán tán títí ó fi kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun alaasari, ojú ọ̀nà kan náà la ṣì wà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé epo rẹ̀ kò tán. Bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn tó kó o wá pé níbo ni wọ́n ti ń ra epo, torí ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí kò sí epo ní Ìlaró, àwọn awakọ̀ wa kàn ń tò sílé epo ni.

Ìkẹta ni ti ọkùnrin kúkúrú kan tó ń sáré tó ń fò. Ìyá rẹ kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó ní láti òwúrọ̀ tí ọkùnrin náà ti ń lọ, kò kí ẹnikẹ́ni, ṣe ló ń tẹ ẹranko ẹlẹ́ranko mọ́lẹ̀, àti pé ó dá òun lójú pé ìyá kan kò tọ́ ọ dàgbà. Ohun tó bí èmi nínú yàtọ̀. Búlọ́ọ̀kù wà lókè nínú géèmù náà, kò sí òpó lábẹ́ rẹ̀, kò sí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bíríkìlà tó tò ó síbẹ̀ ni mo sì fẹ́ rí. Ọkùnrin yìí á wá fò, á fi orí fọ́ ọ, owó á sì jáde. Ìdírísù, mo ti wó ilé àtijọ́ tó pọ̀ láyé mi, mi ò rí kọ́bọ̀ nínú ògiri kankan rí, alángbá nìkan ni. Má ta géèmù yìí fún ọmọ bíríkìlà, ó lè sọ ọ́ di ẹni tí yóò máa fi orí na ilé bàbá rẹ̀.

Ó ku ti búlọ́ọ̀kù. Oríṣi méje ni wọ́n, wọ́n á máa sọ̀ kalẹ̀ láti òkè lọ́kọ̀ọ̀kan, bọ́tìnì kan sì wà tí èèyàn fi ń yí wọn. Kò sí sìmẹ́ǹtì, síbẹ̀ wọ́n ń lẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo to ìlà ìsàlẹ̀, mo tò ó gún régé, kò sí àlàfo kankan. Bí mo ṣe fi èyí tó kẹ́yìn dí i báyìí, ìlà náà ṣẹ́jú, ó pòórá. Mo yí ẹ̀rọ náà padà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo wo abẹ́ àga. Mo to ìlà mìíràn, wọ́n tún jí ìyẹn náà lọ.

Ogójì ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, olè orí iṣẹ́ kò ṣàjèjì sí mi. Lébírà á ru búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá, mẹ́rin á gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ṣùgbọ́n olè tó máa ń dúró kí èèyàn to ìlà pé kó tó kó o, irú ìyẹn kò ṣojú mi rí. Nígbà tó yá ni mo rí ọgbọ́n ta sí i. Mo ṣàkíyèsí pé bí ìlà kò bá pé, wọn kì í gbé e. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ojú fèrèsé sí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ògiri dúró. Kò pẹ́ tó fi ga dé òkè pátápátá, ibi tó yẹ kí àjà wà, ni orin bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ sì fi búlọ́ọ̀kù bo gbogbo ojú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Mo dìde, mo gbọn ẹ̀wù mi nù. Mo mọ̀ pé ilé ti parí nìyẹn, wọ́n ń bá mi ṣí i ni.

Ọ̀gá Májẹ́kódùnmí ka ìwé pélébé tó bá a wá, wọ́n ní ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bó bá ti dé òkè, èèyàn kùnà nìyẹn, ìlà tó pòórá gan-an ni èrè. Mo ní ẹni tó kọ ìwé náà kò kọ́lé rí. Wọ́n ní kí n má bínú. Mo ní mi ò bínú, àmọ́ tó bá jẹ́ pé ilé tó ń wó la fi ń mọ bíríkìlà, àwọn tí mo mọ̀ tí ì bá ti lówó báyìí pọ̀.

Ìyá rẹ ló wá ba nǹkan jẹ́. O mọ̀ pé láti kékeré ló ti ń hun ẹní, ojú rẹ̀ kì í gba àlàfo. Ó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi pé kí òun kàn fi ọwọ́ kàn án, ló bá ń ki búlọ́ọ̀kù bọ àyè wọn bí ẹni tó ń ki koríko bọ ẹní, ìlà mọ́kàndínlọ́gọ́ta ló pòórá mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ìjókòó kan. Ọ̀gá Májẹ́kódùnmí pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ní kí wọ́n fi ilé tó kọ́ hàn mí, ilẹ̀ lásán ni wọ́n fi hàn mí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá mi, oúnjẹ ọ̀sán mi sì ti di ohun tí à ń jẹ ní ìrọ̀lẹ́. Sọ fún àwọn oníbàárà rẹ pé géèmù búlọ́ọ̀kù ló dára jù. Èmi àti ìyá rẹ fẹnu kò lórí ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò tí ì fẹnu kò lórí ohun tí èèyàn ń ṣe nínú rẹ̀.

Mo ti jíṣẹ́ tán. Ó wá ku ọ̀rọ̀ èmi pẹ̀lú rẹ.

Fàtáì kò fẹ́ sọ ọ́, ẹ̀bà ìyá rẹ ló mú un gbàgbé. Níbi tó ti ń jẹun lọ́jọ́ tó gbé ẹrù rẹ dé ló ti ní o ti ra ilẹ̀ sí Igbó-Elérin, pé tìpà ti já iyanrìn síbẹ̀, pé bí òjò bá ti dá ẹ máa gbẹ́ ìpìlẹ̀, àti pé o ti bá bíríkìlà kan sọ̀rọ̀ ní Okokomaiko, ẹni tó ń gun máṣíìnì tó sì ń fi bírò sí àpò àyà. Lẹ́yìn tó sọ gbogbo rẹ̀ tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Inú mi dùn, Ìdírísù, mi ò ní parọ́. Ó sì tún dùn mí, mi ò ní parọ́ ìyẹn náà. Ẹnu Fàtáì kọ́ ló yẹ kí n ti gbọ́ ọ.

O mọ bí a ṣe ń ṣe é ní ìdílé wa. Bàbá mi ló gbé búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ ilé tí mo wà yìí kalẹ̀, ní igun tó kọjú sí ìlà-oòrùn. Ojú wọn ti fọ́ nígbà náà. Mo di ọwọ́ wọn mú dé ibẹ̀, wọ́n gbé e lé ilẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára, wọ́n ní ó gún. Mo na okùn wò ó lẹ́yìn wọn, ó gún lóòótọ́. Èmi ni mo gbé ti àwọn àbúrò mi méjèèjì kalẹ̀. Kò tí ì sí ilé ọmọ wa kan tí àlejò bẹ̀rẹ̀ igun rẹ̀.

Mo mọ̀ pé nítorí kí n má tún ṣubú ni o kò fi sọ fún mi. Àmọ́ orí àkàbà kọ́ ni ìpìlẹ̀ wà, ilẹ̀ ló wà, bí mo bá sì ṣubú nílẹ̀, ilẹ̀ náà ni màá bá ara mi. Ìdí tí mo fi fi gbogbo ara ṣe ìdánwò rẹ nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí bọ́tìnì. Kò gbọ̀n mọ́. Ògiri mẹ́rìnlélógójì ni mo ti kọ́ dé òkè láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá rẹ ni ẹlẹ́rìí mi, kò sì sí èyí tó wó nínú wọn.

Mi ò béèrè owó lọ́tẹ̀ yìí. Fi bátìrì kéékèèké méjìlá ránṣẹ́ sí ìyá rẹ, torí àwọn tí o fi ránṣẹ́, sísá ni mo ń sá wọn sóòrùn lórí páànù kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́ díẹ̀. Tèmi ni kọ́kọ́rọ́ àpótí. Bí o bá fi rán Fàtáì, má kọ nǹkan kan sí i, màá mọ̀ pé mo yege, màá mú ṣíbí mi, màá sì bọ́ọ́lẹ̀ ní Ìyànà Ìbà lọ́jọ́ tí o bá dá.

Mo ń dá ẹ̀rọ náà padà sí ọ fún ìgbà díẹ̀ kí o lè fi ojú ara rẹ rí iṣẹ́ mi. Ògiri kan wà nínú rẹ̀ tí mo kọ́ láàárọ̀ yìí, mo tẹ bọ́tìnì tó ń dá a dúró, ẹ̀rọ náà sì fi nǹkan bò ó bí a ṣe ń fi àpò sìmẹ́ǹtì bo iṣẹ́ tútù. Má pa á o. Tún bọ́tìnì náà tẹ̀, wàá rí i. Ní igun ọwọ́ ọ̀tún, mo fi àyè búlọ́ọ̀kù kan sílẹ̀ fún ọ, ìwọ ni kí o fi tìrẹ sí i. Iná pupa ara rẹ̀ ti ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ tòògbé, àmọ́ ọjọ́ méjì ni mo fi sá bátìrì rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo gbà pé yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bí o bá wò ó tí o kò rí nǹkan kan, má sọ pé mi ò kọ́ ọ. Ó wà níbẹ̀, ọwọ́ mi ni mo fi tò ó.

Ọlọ́run á jẹ́ kí o kọ́ ilé náà tán, wàá pẹ́ nínú rẹ̀, ọmọ tìrẹ náà á sì fi igun ilé rẹ̀ sílẹ̀ dè ọ́. Mo ti fi àyè kan sílẹ̀ fún ọ, Ìdírísù. Fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Gbàdàmọ́sí, bíríkìlà.