Tọ́bò Tó Gba Aṣọ Ìbora Mi

Bọ̀dá mi,

Ẹ kú àjò o. Mo kí ìyá àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ náà. Ẹsẹ̀ Màmá tó wú ti ń rọlẹ̀.

Tọ́bò tí ẹ fi ránṣẹ́ sí àbúrò yín, ọkọ mi, kí pikọ́ọ̀pù dísẹ́lì àtijọ́ yẹn lè lágbára sí i, ti dé. Aṣọ ìbora mi ló fi wé e nítorí eruku. Bọ̀dá, mò ń jowú irin! Mo wúkọ́ fọ́jọ́ mẹ́ta, kò gbọ́. Ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó fi oúnjẹ sílẹ̀, ó sáré jáde.

Ó ní kí n bá òun tọrọ sàlẹ́ńsà ńlá, èyí tí èéfín ọkọ̀ á máa gbà jáde, lọ́wọ́ yín. Mo ti jíṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ránṣẹ́, àfi tó bá dá aṣọ mi padà.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín.

Èmi ìyàwó yín, tí kò ní tọ́bò.