Ẹ Má Ta Ilé Ọtí Bàbá Àgbà

Drumkeel, Ireland

Bọ̀dá Fintan, ẹ̀gbọ́n màmá mi,

A kí yín ní Boston, tìyàwó tọmọ. Orúnkún Màmá ti ń san. Ikọ́ kò jẹ́ kí Oisín ọmọ mi sùn.

Ẹnìkan wá wo ilé ọtí Bàbá àgbà, ó ní ẹ ti gbà láti tà á fún òun. Ilé ọtí mẹ́ta ti kógbá sílé níbí. Tiwa nìkan ló kù, níbi tí Bàbá àgbà ti ń ta ìṣó àti ọtí lórí káńtà kan náà. Ọkùnrin náà ní, "Ta ló tún ń mutí níbẹ̀?" Màmá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, tá a bá sìnkú tán, ṣé ilé ẹ ni gbogbo ìlú máa wá jókòó sí?"

Ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan. Mo ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé ọtí náà, Sátidé ni mo máa ṣílẹ̀kùn, tèmi tọmọ.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Tí ọkùnrin yẹn bá pè yín, ẹ ní kó wá bá Sorcha lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọ yín,
Sorcha