Àwọn Ọlọ́pàá Wá Mú Yín ní Ṣọ́ọ̀bù

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ má bínú pé n kò kí yín dáadáa. Inú ló ń bí mi, tí mo bá sì ní kí n kọ́kọ́ máa kí yín, ìkíni náà máa di irọ́ lẹ́nu mi. Àwọn ọlọ́pàá wá mú yín.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù tán ní Adabraka, mo ń to àwọn àgádágodo sórí tábìlì bí ẹ ṣe máa ń tò wọ́n, àwọn ńlá lẹ́yìn, àwọn kékeré níwájú. Ọkùnrin méjì wọlé, ọ̀kan wọ aṣọ ọlọ́pàá, èkejì kò wọ̀ ọ́. Mo rò pé wọ́n fẹ́ ra nǹkan. Wọ́n ní Alhaji làwọn ń wá, wọ́n sì pe orúkọ yín pé pérépéré, wọ́n fi ti bàbá yín kún un. Mo ní ẹ wà ní itẹ́ òkú. Wọ́n rò pé mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tí kò wọ aṣọ ọlọ́pàá ní tí n kò bá ṣọ́ ẹnu mi, èmi náà máa tẹ̀lé àwọn lọ. Ó di ìgbà tí aránṣọ ẹ̀gbẹ́ wa wá bá mi jẹ́rìí kí wọ́n tó gbà pé ẹ ti kú, pé kì í ṣe pé mo gbé yín pamọ́ sẹ́yìn páálí.

Ṣé ẹ mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn yín? Tẹ́tẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń yí ojú sápá kan tí ẹ bá ń kọjá níwájú kíóòsì lótò. Wọ́n ní láìnì fóònù tó wà lórúkọ yín ló ń gba owó àwọn èèyàn, tó ń fi wọ́n ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí sáìtì kan tí kò gba ìwé àṣẹ ní Ghana. Wọ́n ti ká sáìtì náà mọ́, gbogbo nọ́ńbà tó ń fi owó ránṣẹ́ síbẹ̀ ló jáde, tiyín sì wà lára àwọn tó ṣáájú. N kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán tí mo ti mọ ẹni tó ṣe é. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n báyìí. Múfútàù ọmọ yín ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí láìnì yín ṣe dé ọwọ́ rẹ̀, torí ojú yín kò sí níbẹ̀. Nígbà tí ẹ kú, lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa wá bá Màmá. Wọ́n ní ká má ti láìnì yín pa. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí ẹ ti jẹ́ akápò, gbogbo ọmọ ìlú wa ní Accra àti Tema àti Kumasi ló ti mọ nọ́ńbà yẹn lórí, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi owó ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí. Tí èèyàn bá fẹ́ fi mómò, owó orí fóònù, ránṣẹ́, orúkọ ẹni tó ni àpò mómò náà ló máa kọ́kọ́ jáde lójú fóònù. Wọ́n ní tí àwọn èèyàn bá ti rí orúkọ yín, ọkàn wọn á balẹ̀, pé tí wọ́n bá rí orúkọ ẹlòmíràn, wọ́n á máa fi òní dọ́la. Inú Màmá dùn sí i. Ó dà bíi pé ẹ ò tíì lọ tán. Ó wà nínú tákàbà nígbà náà, kò lè jáde lọ gba owó, èmi sì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Múfútàù ló wà nílé. Bí a ṣe gbé e lé e lọ́wọ́ nìyẹn, ojúmọmọ, a tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá fi owó ránṣẹ́, bó ti wù kó kéré tó, ẹ máa na fóònù sí ọ̀ọ́kán nítorí ojú yín, ẹ máa ka orúkọ ẹni náà sókè, ẹ máa ṣàdúrà fún un. Lẹ́yìn náà ẹ máa pè é láti dúpẹ́, ẹ máa pariwo bíi pé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbọ́ yín ní Kumasi láìsí fóònù. Màmá máa ń ní kí ẹ rọra. Ẹ̀yin lẹ fi ẹnu yín kọ́ gbogbo wọn láti fọkàn tán orúkọ yẹn. Abẹ́ orúkọ náà ni Múfútàù lọ jókòó sí. Àwọn sáìtì tó ní ìwé àṣẹ máa ń béèrè káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó rí yìí kì í béèrè nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ ń ta á fún ara rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cow Lane ń fún un lówó kó bá wọn ta á, òun náà ń yọ tirẹ̀ nínú èyí tó bá wọlé. Àwọn àgbàlagbà pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó tẹ́tẹ́ ránṣẹ́. Wọ́n rí Alhaji lójú fóònù. Ta ló máa rò pé ewu wà níbẹ̀?

Mo lọ bá obìnrin lọ́yà kan nítòsí Circle, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, oníbàárà wa ni. Ó ní tẹ́lẹ̀, ìkìlọ̀ àti owó ìtanràn ni wọ́n fi ń parí irú ẹjọ́ báyìí, pé òfin tuntun tó dé yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ta tẹ́tẹ́ lórí sáìtì tí kò níwèé àṣẹ ti ṣẹ̀. Ẹni tó bá ń gbowó lọ́wọ́ ẹlòmíràn fún sáìtì náà ti ṣẹ̀ jù ú lọ, ẹ̀wọ̀n sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi àpò mómò rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà kò lè ní òun kò mọ̀. Èyí tó bá tún wá fi orúkọ òkú ṣe é, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn lọ́tọ̀. Ó ní àwọn èèyàn rò pé torí pé orí fóònù ni, kò sẹ́ni tó ń rí àwọn, bẹ́ẹ̀ fóònù gan-an ló ń tú àṣírí wọn.

Mo kó ìwé ẹ̀rí ikú yín, mo forí lé àgọ́ ọlọ́pàá. Màmá ní òun máa bá mi lọ. Ọlọ́pàá wo ìwé náà, ó bá wa kẹ́dùn, ó wá béèrè pé ta ni fóònù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ látìgbà tí ẹ ti kú. Mo ṣì ń ronú bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí Màmá fi èdè Twi dáhùn.

“Èmi ni. Ọkọ mi kú, èmi ni mo jókòó ti fóònù rẹ̀.”

Màmá tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan iná fóònù! Èmi ni mo máa ń bá a tẹ nọ́ńbà. Ọlọ́pàá wò ó títí, ó ní kó máa lọ sílé, kó padà wá ní Ọjọ́bọ̀ láti wá fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. A jáde síta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Ó ní kí n dákẹ́. Ó ní ká ní ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, ohun tí ẹ máa ṣe náà nìyẹn.

Bàbá, ó purọ́ ni? Kò purọ́. Ẹ rántí gíláàsì Ataa onílé wa, tí Múfútàù fi bọ́ọ̀lù fọ́. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ fi àkàbà gbá a. Ẹ rántí ìgbà tí alfa ilé kéwú rí i níwájú kíóòsì lótò. Ẹ lọ jókòó níwájú àwọn àgbà mọ́sálásí, ẹ ní ẹ̀yin lẹ rán an. Odindi Alhaji tó ti dé Mẹ́kà, ẹ gbà pé ẹ̀ ń ta lótò kí wọ́n má baà na ọmọ yín. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n gba ipò akápò lọ́wọ́ yín. Ẹ dé ilé, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ní ọ̀rọ̀ náà ti tán. Kò tán o. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ẹ̀yin lẹ máa ń pa òwe yẹn fún àwọn oníbàárà tí ọmọ wọn bá jí kọ́kọ́rọ́. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ lẹ fi ń kọ́gbọ́n.

Èmi ńkọ́? Lọ́jọ́ tí òjò dá mi dúró sí ọjà Makola, tí ilẹ̀ ṣú kí n tó dé, ta ló gba ẹ̀bi rẹ̀ fún mi? Ẹ ní kí n kúnlẹ̀, kí n káwọ́ sókè. Ẹ ní obìnrin ni mí, pé ayé kò ní fojú àánú wò mí, kí n tètè mọ̀. Mo tètè mọ̀. Òun ni mo ṣe wà ní ṣọ́ọ̀bù yín lónìí tí ẹni tí ẹ fẹ́ fi í sílẹ̀ fún ń sá kiri.

Nígbà tí mo padà lọ sọ fún lọ́yà pé Màmá ti gbà pé òun ni, ó di orí mú. Ó ní ẹni tó bá fọwọ́ sí i ló ni ẹjọ́. Ó ní ti Màmá tún wá le, torí pé ìwé Nàìjíríà ló ní. Lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n, wọ́n lè gba ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n dá a padà. Padà síbo? Tó bá dé ìlú wa, ó máa ń béèrè ọ̀nà ọjà ni. Ẹ ti sọ fún wa rí bí bàbá yín ṣe fi ilé àti ọjà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo Aláta, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, máa lọ, láìṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣé torí bọ́ọ̀lù tí Múfútàù ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n gbá ni wọ́n á ṣe lé Màmá?

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wá sílé. Mo rò pé wọ́n wá tọrọ àforíjì ni. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí Màmá fọwọ́ sí i, pé ìjọba á ṣàánú arúgbó, pé ọmọkùnrin ṣì ní ọjọ́ ọ̀la. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ kì í sọ sí àgbà sí wọn, Bàbá. Mo ní kí ẹni tó bá ń ṣàánú ọmọkùnrin náà jù nínú wọn lọ fọwọ́ sí i. Wọ́n bínú dìde. Omi tí mo gbé fún wọn, wọn kò mu ún.

Mo pe Múfútàù níbi tó sá pamọ́ sí. Mo sọ ohun tí lọ́yà sọ fún un, mo ní kó wá fúnra rẹ̀. Ó sunkún. Ó fi Ọlọ́run búra pé òun máa wá ní Ọjọ́bọ̀, òun máa ṣáájú wa débẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, èmi àti Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, gbogbo ọkọ̀ trótró tó bá dúró níta ni mò ń yọjú wò. Nígbà tó yá, mo pe fóònù Múfútàù, kò lọ mọ́. Wọ́n pe Màmá, wọ́n gbé ìwé síwájú rẹ̀, ó mú bírò.

“Kì í ṣe òun,” ni mo wí. “Àbúrò mi ni. Mo mọ ibi tó wà.”

Màmá gbé bírò náà sílẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí ibi tó ti mọ̀ mí. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n n kò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ọ̀gá ọlọ́pàá bá Màmá wí bí ọmọ ṣe ń bá ìyá rẹ̀ wí, ó ní kó máa lọ sílé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti mú Múfútàù nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Cow Lane. Ẹjọ́ ń lọ sí kóòtù. Lọ́yà ní tó bá sọ òtítọ́ délẹ̀, bóyá adájọ́ á rò ó pé ẹ̀ẹ̀kíní rẹ̀ nìyí. Bóyá ló ń sọ, kò ṣèlérí.

Látọjọ́ náà, Màmá kì í dá mi lóhùn. Mo kí i, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ. Ṣé ẹ̀yin náà ń bínú sí mi? Tí ẹ bá ń bínú, ẹ fara dà á, tèmi náà pọ̀.

Lónìí, Màmá se wáákyé, ìrẹsì òun ẹ̀wà, ó dín ẹja lé e, ó gbé abọ́ náà ka iwájú mi láìsọ̀rọ̀. Mo gbé e lọ sí àtìmọ́lé. Múfútàù ti rù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún, ó wá jọ yín débi tí n kò fẹ́ wo ojú rẹ̀. Ó béèrè bóyá Màmá ló sè é. Mo ní òun ni. Ó jẹ díẹ̀, ó gbójú sókè.

“Sístà, ká ní Bàbá wà láyé, wọn ì bá ti yọ mí kúrò níbí.”

“Wọn ì bá ti yọ ẹ́,” ni mo dá a lóhùn. “Ìdí tó o fi débí nìyẹn.”

Ó padà sórí oúnjẹ rẹ̀. Mo dúró títí ó fi jẹun tán, mo gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì sọ fún un pé mo ń bọ̀ lọ́la.

Ọmọ yín obìnrin, tí kò gba ẹ̀bi fún ẹnikẹ́ni, tó fẹ́ràn yín pẹ̀lú ìbínú.