Ẹni Tó Gbin Òdòdó Aró Ti Ìyeyè: Ìgbésí Ayé Olóògbé Susannah Mọ́ṣádé Odùtáyọ̀ (1914–1988)

Ìjẹ̀bú-Imùṣin ni a ti bí Màmá wa, Susannah Mọ́ṣádé, lọ́dún 1914. Theophilus Adébóyè, àgbẹ̀ tó tún ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni bàbá wọn. Rachel, ahunṣọ kíjìpá, ni ìyá wọn. Ìdí òfì ìyá yìí ni Màmá ti kọ́ ohun tí ilé ìwé kankan kò kọ́ wọn. Rachel a máa fi òwú han ọmọ rẹ̀, a ní, “Ìyeyè ò lè tàn bí aró ò bá jókòó tì í.”

Lọ́dún 1930 ni wọ́n parí ilé ìwé, wọ́n sì fi ọdún mẹ́rìndínlógún ṣe olùkọ́ ní Òdogbolú. Lọ́dún 1937 ni wọ́n ṣègbéyàwó pẹ̀lú Ernest Odùtáyọ̀, wolé-wolé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí àwọn aládùúgbò bá rí ọkọ lókèèrè, ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń sáré mú. Bí wọ́n bá rí ìyàwó, ẹ̀ka òdòdó ni wọ́n ń tọrọ. Bàbá wa sùn nínú Olúwa lọ́dún 1969.

Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti dé, ojúde Màmá a tún di ọ̀tun: ìdò pupa, òdòdó ìyeyè àti olómi ọsàn, ìtàkùn olódòdó aró lára ọgbà, àti òdòdó roboto elése àlùkò tí kì í ṣá. Wọn kì í gbìn wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Láti 1951 sì ni wọ́n ti ń gbé àdàlù yìí lọ sórí pẹpẹ ní gbogbo Ọdún Àjíǹde.

Àfi ìgbà tó di Àjíǹde 1986. Alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ṣọ́ọ̀ṣì lọ́ṣọ̀ọ́ gbé abọ́ òdòdó náà kúrò lórí pẹpẹ lójú gbogbo ìjọ. Ó nàka sí elése àlùkò inú rẹ̀, ó ní, “Àwọ̀ ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì ló wà níbí! Ta ló ń ṣọ̀fọ̀ lónìí?” Ó sì dà á sẹ́yìn fẹ́sìrì, yàrá tí àlùfáà ti ń múra. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó mọ ara rẹ̀, bẹ́ǹṣì kẹta ló máa ń jókòó sí. Kò sí ẹni tó dìde sọ̀rọ̀. Àwa ọmọ náà jókòó, a ń wo bàtà wa.

Nínú ìwé ìsìnkú, gbogbo òkú ló máa ń jẹ́ onísùúrù. A ò ní purọ́ mọ́ Màmá. Wọ́n bínú. Nígbà tí àlùfáà wá bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní, “Ẹ bá mi bi wọ́n, ta ló kọ́kọ́ kó aró àti ìyeyè sínú ọgbà kan? Èmi ni àbí Ọlọ́run?” Wọn ò gbé òdòdó lọ síbẹ̀ mọ́. Nínú oṣù kejì ọdún yìí, lórí ibùsùn àìsàn, ohun kan péré ni wọ́n ní kí a ṣe fún àwọn: kí àdàlù òdòdó àwọn tún wọ ṣọ́ọ̀ṣì náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Wọ́n sùn ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, 1988. Ìgbìmọ̀ kan náà kọ̀wé sí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá pé Lẹ́ǹtì la wà, òdòdó ìyeyè àti pupa kò gbọdọ̀ wọlé. Wọ́n ní àwọn ti bá wa ra òdòdó oníke elése àlùkò. Ẹ gbọ́ ná! Nígbà Àjíǹde, elése àlùkò lẹ̀ṣẹ̀. Nígbà Lẹ́ǹtì, ìyeyè lẹ̀ṣẹ̀. Ọjọ́ wo gan-an ni Màmá ìbá mú méjèèjì wá? Ẹ gbé oníke yín padà. Ẹ̀yin lẹ láṣẹ lórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n àwa la ni pósí.

Màmá fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀: Bọ́dúnrìn, Adébùsọ́lá àti Richard, pẹ̀lú ọmọ ọmọ mọ́kànlá àti ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì. Àwọn ọmọ ọmọ ló já òdòdó láàárọ̀ yìí, ojúde Màmá ni wọ́n ti já gbogbo rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Màmá ń wọlé bọ̀, aró àti ìyeyè, elése àlùkò àti pupa, gbogbo rẹ̀ ló wà lórí pósí wọn. Ní 1986, a jókòó. Lónìí, ẹ jẹ́ kí gbogbo wa dìde fún wọn.

Ẹ sùn re láàárín òdòdó yín, Màmá.