Ọrùn Ìyá Mi Ti Tọ́

Jímọ̀, lẹ́yìn Mọ̀ǹgàríbì

Alihamudulilaahi, ọrùn Ìyá ti tọ́.

Láàárọ̀, ṣàdédé ni ọrùn wọn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú wọn yí sókè, ẹnu wọn ò là mọ́. Alfa Sùlé, àbúrò wọn, ní àlùjọ̀nnú ni. Ó ń ké Kuránì sí wọn létí, ó ń pàṣẹ pé kó jáde. Èmi òpònú náà gbé omi hàntú tí wọ́n fi fọ wàláà Kuránì dé pé kí wọ́n mu ún, gbogbo rẹ̀ dà sí wọn láyà.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì béèrè ohun tí wọ́n lò. Mo fi oògùn tó ń dá èébì dúró hàn án, èyí tí dókítà fún wọn lánàá lẹ́yìn ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Ó ní oògùn náà gan-an ló fà á. Abẹ́rẹ́ kan péré, ẹnu là.

Kí n má gbàgbé láti kọ orúkọ oògùn yẹn sára káàdì wọn...

Ìyá kọjú sí Alfa: "Sùlé, èmi lò ń pè ní àlùjọ̀nnú látàárọ̀?"